Ilé ìra-góòlù kan l'Ẹ̀gbẹ̀: ọ̀gá yẹn mọ góòlù, síkéèlì ẹ̀ nìkan ni mò ń bá jà

Ẹ òkun o. Ẹni tó bá ní góòlù tó fẹ́ tà ní apá Yàgbà, ẹ wá bàbá kan tó ń rà á l'Ẹ̀gbẹ̀ lọ, mo fún wọn ní 4 nínú 5.

Àwọn tó kù, kó o ṣáà ti mú u jáde ni, síkéèlì, owó, ó tán. Bàbá yìí ò sáré rárá, lẹ́ǹsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi wo ìrísí ẹ̀. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi mú lọ rí ṣágiṣàgi, òkúta funfun tí wọ́n ń pè ní quartz ṣì há sí i lára, wọ́n ní eléyìí ò tíì rìn, àpáta tó ti jáde ò ní jìnnà síbi tẹ́ ẹ ti wà á. Ni wọ́n bá mú òmíràn tí wọ́n ti rà tẹ́lẹ̀ wá, ó rí pẹlẹbẹ, ó ń dán bí ọṣẹ tó ti fẹ́ tán, wọ́n ní odò ló ń fi gbá òkúta kiri, torí góòlù rọ̀, títẹ̀ ló máa ń tẹ̀, kì í fọ́. Mo ní ṣé kì í ṣe inú odò ló ti ń dàgbà ni, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. (Wọ́n jàre o, kì í ṣe inú odò ló ti ń dàgbà: Rob Hough, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní CSIRO, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba l'Ọsirélíà, ti gé irú ẹ̀ wo inú, bí inú ẹ̀ ṣe tò fi hàn pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tó gbóná ló ti wá.)

Ibi tó wù mí jù nìyí: wọ́n fi òwú so ó, wọ́n rì í sínú kọ́ọ̀bù omi tó wà lórí síkéèlì. Góòlù gidi giramu 10, omi yẹn á fi bí ìdajì giramu lé, àmọ́ quartz giramu 10 á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi 4 lé, wàá ti mọ̀ bí òkúta ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀. Góòlù odò ńkọ́, wọ́n máa ń fi fáìlì ha ara ẹ̀ kí wọ́n tó fi ha òkúta dúdú tí wọ́n fi ń dán góòlù wò, torí omi ti fọ fàdákà tó dà pọ̀ mọ́ ọn kúrò lára ẹ̀, ìta á wá dáa ju inú lọ.

Máàkì 1 tí mo yọ, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n kọjú síkéèlì sí, wọn ò sì kọ iye tí giramu ń lọ lónìí síbì kankan, àfi tó o bá bèèrè. Mo ní kí wọ́n yí síkéèlì sọ́dọ̀ wa, wọ́n yí i, wọn ò bínú.

Ẹ tètè lọ láàárọ̀ o, tó bá ti di ọ̀sán, POS ẹ̀gbẹ́ wọn kì í lówó mọ́.