Prọ́sẹ́sọ̀ AMD tí wọ́n ti core rẹ̀ pa: èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Àwọn prọ́sẹ́sọ̀ AMD tó jáde ní 2009 àti 2010 ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù. Ohun tó mú kí àwọn èèyàn ṣì máa wá wọn ni pé ohun tó wà nínú wọn lè ju ohun tí wọ́n kọ sára wọn lọ. Ẹyọ sílíkọ́nì tí wọ́n ń pè ní Deneb, core mẹ́rin ló ní, ìyẹn àwọn apá tó ń ṣe iṣẹ́ nínú prọ́sẹ́sọ̀. Èyí tí core rẹ̀ bá lábùkù, AMD á ti core náà pa, á sì tà á lówó pọ́ọ́kú bí oní-mẹ́ta tàbí oní-méjì. Àmọ́ nígbà tí àwọn oníbàárà ń béèrè olówó pọ́ọ́kú jù, wọ́n ń ti èyí tó pé pérépéré náà pa. Core tí wọ́n tì pa bẹ́ẹ̀, ẹ lè ṣí i padà nínú BIOS, ìyẹn ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà. Èyí tó pé yẹn ni gbogbo wa ń wá, kò sì sí àmì kankan lára rẹ̀ tó lè fi í hàn. Nítorí náà, èyí tó máa tẹ́ yín lọ́rùn bí core kankan kò bá tilẹ̀ ṣí ni kí ẹ rà.

Phenom II X2 550 àti Phenom II X3 720 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣiyèméjì lé lórí. Black Edition ni méjèèjì, cache L3 wọn (ibi ìrántí kékeré tó yára nínú prọ́sẹ́sọ̀) sì jẹ́ 6MB. 550 ní core méjì, ó ń sáré ní 3.1GHz, ó sì wà fún 80 wáàtì. 720 ní mẹ́ta, 2.8GHz ni tirẹ̀, wáàtì rẹ̀ sì jẹ́ 95. Àwọn tó fẹ́ràn 550 ń wo èrè rẹ̀: bí ó bá ṣí tán, méjì ti di mẹ́rin. Òótọ́ ni, àmọ́ core méjì gbọ́dọ̀ yè kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nígbà tó jẹ́ ẹyọ kan péré ni 720 ń wá. Bí ti 720 bá sì kọ̀, core mẹ́ta ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ti GHz yẹn kò ká mi lára, torí pé AMD kò ti ìlọ́po pa lára Black Edition, ìyẹn nọ́ńbà tó ń pinnu bí prọ́sẹ́sọ̀ ṣe máa yára tó. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín gbé 2.8 sókè nínú BIOS. 720 ni èmi máa mú.

Athlon II X3 435 kò ní cache L3 rárá, 2.9GHz ló sì ń sá. Bí ó bá ṣí, core kẹrin ni ẹ máa rí. Díẹ̀ lára wọn jẹ́ Deneb lábẹ́, 6MB cache náà sì lè bá core náà jáde, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn sínú ìṣirò yín. Sempron 140 ní core kan, 45 wáàtì. Bí ó bá ṣí, á máa pe ara rẹ̀ ní Athlon II X2 4400e. Iṣẹ́ kékeré ló wà fún. Bí ẹ bá wá pàdé Phenom II X4 960T, ẹ yára mú un: mẹ́rin ló ti ní láti ilẹ̀, mẹ́fà ló wà nínú sílíkọ́nì rẹ̀. Kí ẹ kàn rí i dájú pé BIOS mọ́dábọ́ọ̀dù yín (pátákó tí prọ́sẹ́sọ̀ ń jókòó lé) mọ prọ́sẹ́sọ̀ oní-mẹ́fà.

Mọ́dábọ́ọ̀dù gan-an ló ń pinnu ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tó ní SB710 tàbí SB750, ẹyọ sílíkọ́nì kan tó wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù, ní ètò kan nínú BIOS tí wọ́n ń pè ní Advanced Clock Calibration. Òun ni wọ́n ń tan láti fi ṣí core. AMD yọ ọ́ kúrò nínú SB850, ni àwọn tó ń ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù bá ṣe tiwọn: ASUS ní Core Unlocker, ASRock ní UCC. SB700 kò ní in. Ẹ wo mọ́dábọ́ọ̀dù kí ẹ tó sanwó prọ́sẹ́sọ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ó lè gbé wáàtì tó pọ̀ sí i, torí 550 tó ti di oní-mẹ́rin kò ní dúró lórí 80 mọ́.

Bí ẹnìkan bá ń ta "Phenom II X4 B50" fún yín, ẹ kíyè sí i. AMD kò ta ohunkóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. 550 tí wọ́n ti ṣí ni. Orúkọ tí BIOS ń gbé jáde fún un nìyẹn. Owó oní-méjì ni kí ẹ san, torí ó lè má ṣí lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tiyín.

Ẹni tó fẹ́ lo Windows 11 kí ó má rà lára wọn. Wọn kò ní SSE4.2, àkójọ àṣẹ kan tí prọ́sẹ́sọ̀ tuntun mọ̀, ẹ̀dà Windows 11 tó ń jẹ́ 24H2 kò sì lè bẹ̀rẹ̀ láìsí i. Ẹni tó ń lo Linux kò níṣòro tó bẹ́ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tó tàn lẹ́yìn tí ẹ ṣí core kò tíì fi hàn pé core náà yè. Ẹ fi Prime95, ètò tó ń fún prọ́sẹ́sọ̀ níṣẹ́ líle, dán an wò fún wákàtí púpọ̀. Bí iṣẹ́ bá dúró lórí core kan, ẹ pa òun nìkan nínú BIOS, kí ẹ máa lo àwọn tó kù. Lásìkò yìí, ẹ má gbọ́ ohun tí ìwọ̀n ooru inú core bá ń sọ, torí ó sábà máa ń ṣàṣìṣe lẹ́yìn ṣíṣí. Ti mọ́dábọ́ọ̀dù ni kí ẹ máa wò. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti tàn rárá, ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ bátìrì kékeré ara mọ́dábọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ dá a padà. BIOS á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, core á sì padà sí títì.