Rọ́bọ́ọ̀tì àbí káàdì àwòrán fún ọmọ tó ní ọ́tísìmù?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Kàbà ní ọ́tísìmù, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó máa ń mú kí bíbá ènìyàn sọ̀rọ̀ ṣòro. Kì í wojú ènìyàn. Bí o bá kí i ní "Òkun o", ògiri ló máa kọjú sí, á máa yí ìdérí ìgò lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ rí Kaspar, rọ́bọ́ọ̀tì tó dà bí ọmọdé, lórí fóònù, ló bá ní rọ́bọ́ọ̀tì ni káwọn rà.

Mo mọ ohun tó wù ú. Yunifásítì Hertfordshire ní Ìlú Ọba ló ṣe é, láti 2005. Ojú rẹ̀ kò ní ọ̀pọ̀ àmì tó lè da ọmọ láàmú. Bí ọmọ bá gbá a, á ní ó dun òun. Á sọ ohun kan náà nígbà ogún láìkanra. Èmi ò lè ṣe é! Rọ́bọ́ọ̀tì mìíràn, NAO, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Faransé, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 58, ni wọ́n tilẹ̀ ti fi kọ́ àwọn ọmọ alátọ̀gbẹ ní Yúróòpù bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ara wọn.

Àmọ́ iná tiwa ńkọ́? Bátìrì NAO kò ju nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ lọ. Bó bá bàjẹ́, ṣé àwọn tó ń tún fóònù ṣe lọ́jà la máa gbé e fún? Kò gbọ́ Yorùbá, ká má tíì sọ Owé, ẹ̀ka èdè Yorùbá ti Kàbà, tí wọ́n ń sọ nílé.

Káàdì ni mo fara mọ́. Amẹ́ríkà ni ètò fífi káàdì àwòrán tọrọ nǹkan ti bẹ̀rẹ̀, ní 1985. Ẹ̀gbọ́n mi ya ife omi, àkàrà àti bàtà sórí páálí. Ọmọ náà kọ́kọ́ jẹ ti bàtà wómúwómú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó mú ti omi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀. Kò wojú rẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò gbọ́wọ́ kúrò títí omi fi dé.