Critical Care ti Oxbow fún gínípíìgì tí ò jẹun mọ́: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó yé gbogbo wa: pàúdà yìí, oúnjẹ tí iléeṣẹ́ Oxbow ń ṣe fún ẹran ọ̀sìn tí ò lè jẹun fúnra ẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Òun ló gbé gínípíìgì wa, Bọ́tà, ró títí vet, ìyẹn dókítà ẹranko, fi rí àyè tọ́jú ohun tó ń ṣe é gan-an, mi ò lè gbàgbé oore yẹn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni o, kì í ṣe oògùn. Ẹni tó bá rà á tó wá jókòó sílé tó ní òun ń tọ́jú ẹran òun, ẹran yẹn lè kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé tọ̀sán tòru ni ifun gínípíìgì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, koríko tó ń jẹ ló sì ń tì í lọ. Tí oúnjẹ bá ti dáwọ́ dúró, ifun náà á dúró, gáàsì á kún un, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, inú rírun yẹn ò ní jẹ́ kó jẹun, àìjẹun yẹn á tún wá dá kún ti ifun. Kò sì lè bì. Tẹ́ ẹ bá rí i pé láti àárọ̀ kò fẹnu kan nǹkan kan, tí ìgbẹ́ ẹ̀ ń kéré tàbí kò tiẹ̀ yà mọ́, ẹ má ní kẹ́ ẹ wò ó di ọ̀la.

Ti Bọ́tà, á sáré wá sídìí oúnjẹ, á gbé koríko sẹ́nu, á tún jẹ́ kó jábọ́. Àgbọ̀n ẹ̀ rin fún itọ́. Ọmọ mi Tòmíwá ló pè mí, ó ní "Mummy, ẹ wá wò ó, ó fẹ́ jẹun o, kò kàn lè jẹ ẹ́ ni." Ọmọ yẹn rí i dáadáa, torí ìgbà tí vet la ẹnu ẹ̀ wò, àwọn eyín tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ló ti gùn jù, wọ́n ti tẹ̀ wá sórí ahọ́n, ahọ́n ò ríbi yí sí. Gbogbo eyín 20 tó wà lẹ́nu gínípíìgì ló máa ń gùn títí ọjọ́ ayé ẹ̀, koríko tó ń rún ló ń bá a fá a. Dókítà ní wọ́n máa fá eyín yẹn, àmọ́ wọ́n ní láti fún un ní oògùn oorun, kò sì tíì lágbára tó lè gba oògùn oorun, pé ká kọ́kọ́ fi oúnjẹ gbé e dìde. Ó fún un ní oògùn ìrora, ó wá dárúkọ Critical Care.

Káì, mo wá a. Mo wá a dé Dùgbẹ̀, mo wá a dé Bódìjà, oúnjẹ ajá àti ológbò ni wọ́n ń kó jáde fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ló rà á tó fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé. Kó tó dé, Dókítà ní ká rẹ pẹ́lẹ́ẹ̀tì, oúnjẹ ehoro oníkóró yẹn, sínú omi gbígbóná, ká lọ̀ ọ́ kúnná, ká sẹ́ ẹ, ká máa fi sírínjì fún un, ká wá fi fítámì C kún un ní ìwọ̀n tí òun kọ sílẹ̀, torí ara ehoro lè ṣe fítámì C fúnra ẹ̀, ti gínípíìgì ò lè ṣe é, bíi tàwa èèyàn náà ni, oúnjẹ ló ti gbọ́dọ̀ rí i lójoojúmọ́. Kẹ́míìsì tí mo ti lọ ra fítámì yẹn, ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ fẹ́ fún mi ní amoxicillin, oògùn apakòkòrò, ó ní "Àǹtí, ẹ bù ú fún un díẹ̀, ara ẹ̀ máa yá." Mo ní rárá. Ẹ gbọ́ o, amoxicillin, ampicillin, àwọn oògùn ìdílé penicillin yẹn, tí gínípíìgì bá gbé e mì, á pa àwọn kòkòrò rere inú ifun ẹ̀, kòkòrò burúkú á gba ibẹ̀, ó sì lè pa á. Kì í ṣe nǹkan tá a fi ń dánra wò.

Ìgbà tí pàúdà dé, mo rí ìyàtọ̀. Koríko gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní Timothy ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, fítámì C ti wà níbẹ̀, ẹ máa po ìwọ̀n kan pàúdà mọ́ ìwọ̀n méjì omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á ki bí ẹ̀kọ mímu. Dókítà fi 50 ml fún kílò kan lójúmọ́ ṣírò ẹ̀, Bọ́tà tó wọn nǹkan bíi 800 g ń gba 40 ml, a ń pín in sí díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di òru. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì lílọ̀ yẹn kàn mú ẹ̀mí ró ni, síkéèlì ilé ìdáná tá a fi ń wọ̀n ọ́n láràárọ̀ ṣì ń lọ sílẹ̀. Critical Care ló mú un dúró lójú kan. Ẹ má gbójú lé ojú o, irun ẹ̀ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ti rù, síkéèlì ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ìgbẹ́ ẹ̀ náà sọ̀rọ̀: ó kọ́kọ́ jáde wínníwínní, gbígbẹ, kó tó wá ń tóbi padà.

Fífún un jẹ ló ni iṣẹ́ nínú. Ẹ fi táwẹ̀lì wé e, kó jókòó lórí itan yín, ẹ má fẹ̀yìn ẹ̀ lélẹ̀ láé. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni kẹ́ ẹ ti ki sírínjì bọ̀ ọ́, lẹ́yìn eyín iwájú, àlàfo kan wà níbẹ̀ tí ò léyín. Ìdajì ml tàbí ml kan, kẹ́ ẹ dúró kó jẹ ẹ́ kó gbé e mì kẹ́ ẹ tó tún fi kún un. Dókítà dúró tì mí, ó ń sọ pé "Màmá Tòmíwá, ẹ rọra, tẹ́ ẹ bá yára, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa wọ̀." Níbẹ̀rẹ̀, ó ń di eyín mọ́lẹ̀, omi aláwọ̀ ewé yẹn á ṣàn gba àgbọ̀n dé àyà, kẹ́ ẹ tètè fi òwú àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún torí tó bá gbẹ mọ́ irun, ó le bí nǹkan míì. Ìdájí ọjọ́ kan, wọn ò tíì pe ìrun, ló fi eyín iwájú gbá ẹnu sírínjì mú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ó ń fà á sọ́dọ̀. Mo kígbe, gbogbo ilé jí.

Ìràwọ̀ tí mo yọ kúrò, ti sírínjì ni àti ti owó. Kò sí sírínjì nínú páálí, pàúdà náà sì ní ṣákaṣàka tó ń dí ẹnu sírínjì kẹ́míìsì wa, à ń tẹ̀ ẹ́ kò jáde, tó bá wá jáde á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì léwu. A fi abẹ gé orí èyí tó jẹ́ 1 ml kó fẹ̀, a fi fáìlì èékánná dán an kó má bàa ha á lẹ́nu. Wọ́n ní èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná dáadáa, Fine Grind lórúkọ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí i, òun ni kẹ́ ẹ gbà. Owó ẹ̀ pẹ̀lú owó ẹrù, ó wọ́n, kò sírọ́ ńbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti pò ó, inú fíríìjì ló ń gbé, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ kan lọ, pẹ̀lú bí iná ṣe ń ṣe ládùúgbò wa, èyí tá a máa lò lẹ́ẹ̀kan náà là ń pò.

Wọ́n fá eyín yẹn, Bọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé ọ̀dùnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣúgà ẹnìkejì ẹ̀, a wá ń dín sírínjì kù díẹ̀díẹ̀, a ò dá a dúró lójijì.

Tí ikùn tiyín bá le tó wú bámú, ẹ má fún un ní nǹkan kan kí vet tó fọwọ́ kàn án. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ́ ẹ bá nílò ẹni tẹ́ ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wo ara páálí dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, torí Oxbow tún ń ṣe Critical Care Carnivore, ti ẹran tó ń jẹ ẹran nìyẹn, Herbivore, ti ẹran tó ń jẹ koríko, ni tiwa.