Àtíbàbà Onípáìpù Tí Wọ́n Ṣe fún Mi ní Ilé-Ifẹ̀: Bí Ó Ṣe Ń Ṣe Nínú Afẹ́fẹ́ Etí Aṣálẹ̀

Àtíbàbà tí mo fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń rà nínú páálí. Alájórin kan nítòsí Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ ló ṣe egungun rẹ̀, ọ̀gá kan tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ ló rán ìbòrí rẹ̀, èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ la sì ń lò ó ní ìhà Maigatari ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, níbi tí iṣẹ́ àyẹ̀wò iyẹ̀pẹ̀ máa ń gbé wa lọ ní àsìkò ọyẹ́. Maigatari fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ààlà orílẹ̀-èdè Niger. Iyanrìn ló pọ̀ níbẹ̀, igi kò tó nǹkan, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá láìsí ohun tó lè dá a dúró. Ẹni tó bá ti jókòó sí irú ibẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán kò ní í ka ibòòji sí ọ̀ràn fàájì. Ohun tí mo ní í sọ nípa àtíbàbà náà kò díjú: ó tó owó tí mo ná lé e lórí, ó sì sàn fíìfíì ju kánópì tí a ń lò tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí, n kò sì ní í bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Kánópì tó ṣeé ká, irú èyí tí àwọn oní-POS máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ní Mayfair ní Ifẹ̀, dára fún ẹ̀bá títì. Láàárín ìlú, ilé àti ògiri máa ń dá afẹ́fẹ́ dúró fún un, kò sì sí ohun tó ń ṣe é. Ní gbangba iyanrìn, ọ̀ràn yàtọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ike ni ọ̀pọ̀ nínú oríkèé rẹ̀, aṣọ orí rẹ̀ kò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kankan gba àárín rẹ̀ kọjá, nítorí náà gbogbo ohun tí afẹ́fẹ́ bá gbé wá, ara rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ẹni tí kò tíì fojú rí i lè sọ pé mo ń bù mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò le: bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti nǹkan yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí a bá gbé aṣọ tó jẹ́ mítà 3 sí mítà 4 dúró gangan kí ó dojú kọ afẹ́fẹ́ tó ń sáré kìlómítà 36 láàárín wákàtí kan, ńṣe ni yóò dà bí ẹni pé ẹrù tó tó kìlógíráàmù 75 fara tì í. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá di kìlómítà 72, ẹrù náà yóò súnmọ́ kìlógíráàmù 300. Nígbà tó bá sì jẹ́ pé abẹ́ ló gbà wọlé, òkè ló ń gbé aṣọ náà lọ. Àwọn irin tó dábùú ara wọn lábẹ́ òrùlé kánópì wa ló kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni ike oríkèé fọ́, a kò sì rí ẹni tó ń ta ẹyọ rẹ̀ lọ́tọ̀.

Mo wá sọ fún alájórin pé kí ó ṣe egungun tó rẹlẹ̀, tó ṣeé tú palẹ̀, tí kárìà orí ọkọ̀ sì lè gbé. Páìpù gálífánáìsì oníínṣì kan ló lò. Òpó mẹ́fà ni: mẹ́ta iwájú ga ní mítà 2, mẹ́ta ẹ̀yìn ga ní mítà 1.5, òrùlé rẹ̀ gùn ní mítà 4, ó sì fẹ̀ ní mítà 3. Ẹ̀yìn tó rẹlẹ̀ yẹn la máa ń kọ sí àríwá ìlà-oòrùn, kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè gba orí rẹ̀ kọjá dípò kí ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n orí mi kọ́. Àgọ́ àwọn Tuareg inú Sàhárà, tí wọ́n ń fi awọ tàbí ẹní bò, rẹlẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn Bedouin, àwọn Lárúbáwá inú aṣálẹ̀, tí wọ́n ń fi irun ewúrẹ́ hun. Àwọn tó ti pẹ́ nínú aṣálẹ̀ kì í kọ́ àgọ́ gogoro.

Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí n kò lo ọparun, nígbà tó jẹ́ pé ọparun kò wọ́n ní Ifẹ̀ àti Iléṣà. Lóòótọ́, kò sí ohun tó dínwó tó o. Ṣùgbọ́n ọparun tí a gé nínú ọ̀rinrin ilẹ̀ wa yóò gbẹ sí i nínú ọyẹ́ òkè ọ̀hún, yóò tín-ín-rín, okùn tí a so mọ́ ọn pinpin lánàá yóò sì dẹ̀ lónìí. Bí a bá dá a lu kí a lè ki bóòtù bọ̀ ọ́, ojú ihò yẹn gan-an ló ti máa ń là. Páìpù oníke tí àwọn púlọ́ńbà ń lò náà kò wọ̀ mí lójú. Mo mọ̀ pé ní aṣálẹ̀ Black Rock ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà, níbi tí àjọ̀dún Burning Man ti wà láti ọdún 1990, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tẹ páìpù PVC bí ọrun, tí wọ́n á ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ orí ọ̀pá irin tí wọ́n ti gbá mọ́lẹ̀, tí wọ́n á sì fi aṣọ tàbí àwọ̀n bò ó. Ó dínwó, ó sì máa ń jẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ adágún tó ti gbẹ ni ilẹ̀ ibẹ̀, amọ̀ líle ni, ọ̀pá irin tí a bá gbá wọ inú rẹ̀ kò ní í ṣí kúrò. Iyanrìn wa kò di ohunkóhun mú bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oòrùn tó bá ń pa ike lójoojúmọ́ máa ń mú kí ó rọ̀ lọ́sàn-án, bó bá sì pẹ́ lábẹ́ rẹ̀, yóò máa fọ́ wẹ́wẹ́ nígbàkígbà tí nǹkan bá gbá a.

Ní ti iṣẹ́ alájórin, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò mọ́ dé ibi tí mo fẹ́. Páìpù tó tóbi díẹ̀ ju ti òpó lọ ló gé kéékèèké, tó jó wọn pọ̀ di oríkèé oníbọ̀ mẹ́ta, kí a lè máa ki òpó àti ìtẹ́rí òrùlé bọ inú wọn kí a sì fi bóòtù dè é. Oríkèé wọ̀nyẹn ni ohun tó dára jù nínú gbogbo egungun náà. A kò tíì rí èyí tó tẹ̀ nínú wọn. Ohun tí kò dára ni pé ihò bóòtù méjì kò bá ara wọn mu, a sì ní láti dá egungun náà padà fún un. Ó tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó dá fún wa ti kọjá lọ kó tó gbé e jáde. Kò sì fi fáìlì ha etí páìpù tó gé, ó mú bí ọ̀bẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí fún alájórin, kí ó béèrè fún nǹkan méjì láti ìbẹ̀rẹ̀: kí wọ́n ha etí páìpù, kí wọ́n sì kun gbogbo ojú ibi tí iná bá ti kàn ní ọ̀dà, nítorí iná ìjórin máa ń jó ohun tí wọ́n fi bo páìpù gálífánáìsì lára dànù, ibẹ̀ ni ìpatà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Èéfín tó ń jáde nígbà tí ohun ìbora yẹn bá ń jó kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Inú mi dùn pé ìta gbangba ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù.

Àwọ̀n ibòòji la fi bò ó, èyí tí àwọn tó ń gbin èso tòmátì àti ata ń lò láti fi dín oòrùn kù lórí ọ̀gbìn. Ìwọ̀n ìdá ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń tà á: 50, 70, 80, 90. Èyí tó bá jẹ́ 80 túmọ̀ sí pé ìdá 20 péré nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń wọlé, òun ni mo sì mú. Ìdí pàtàkì tí mo fi yan àwọ̀n dípò tapólì ni pé àwọ̀n ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Tapólì yóò ṣe ibòòji tó ṣókùnkùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n yóò fún afẹ́fẹ́ ní ohun tó ń wá. Dúdú ni àwọ̀n tí mo rí rà ní Ifẹ̀. Ó máa ń fa ooru mọ́ra, tó fi jẹ́ pé ní ọ̀sán gangan, ẹni tó bá dìde dúró lábẹ́ rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lórí. Èyí tó ní àwọ̀ fàdákà sàn jù, nítorí ó ń dá oòrùn padà, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ àwọn tí mo bá rà. A máa ń ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sábẹ́ àwọ̀n náà, ní bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sí i, bí afẹ́fẹ́ bá ti rọlẹ̀, ara á sì tù wá.

Ibi tí àwọ̀n ti máa ń ya ni igun rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀gá aránjókòó ọkọ̀ yẹn ti fi iṣẹ́ hàn mí. Bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀, èyí tí wọ́n tú lára àwọn ọkọ̀ tó ti di àkúrun, ló rán yí etí àwọ̀n náà ká. Ó ká etí àwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó fi bẹ́líìtì bò ó ní ẹ̀yìn àti ní iwájú, ó sì rán an ní ìlà mẹ́ta. Nígbà tó dé igun, kò gé bẹ́líìtì náà: ó ṣẹ́ ẹ po, ó ki òrùka irin bọ̀ ọ́, ó sì rán an ní ìbú, ní òró àti ní ìdábùú, títí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè wọlé mọ́. Òrùka yẹn la ń so okùn mọ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fà á, gbogbo etí bẹ́líìtì ló jọ ń gba agbára náà, kì í ṣe ojú ihò kan ṣoṣo. Mo ti rí tapólì onírin róbótó létí tí irin náà já bọ́ tòun ti aṣọ. Tèmi kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tó yẹ kí làálàá pọ̀ sí jù lọ, lójú tèmi, ni ilẹ̀. Egungun tó lágbára lórí ìdè tí kò lágbára kò wúlò. Èèkàn irin oníwọ̀n mìlímítà 16, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, tí mo ní kí wọ́n tẹ orí rẹ̀ bí ìwọ̀, dára lórí ilẹ̀ tó le, àní lórí pápá tí a ti kọ́kọ́ dán an wò ní ọ̀nà Ondó, ó di gbogbo rẹ̀ mú nígbà tí ìjì tó ṣáájú òjò dé. Nínú iyanrìn, ọwọ́ lásán lèèyàn fi ń fà á tu. Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo la fi ń rọ́pò rẹ̀. A ó fi ṣọ́bìrì gbẹ́ kòtò tó jìn tó orókún, tí ó jìnnà sí ìdí òpó tó bí òpó náà ṣe ga. A ó bu iyanrìn sínú àpò dé ìdajì, a ó di ẹnu rẹ̀, a ó fi okùn wé àárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì dábùú rẹ̀ sínú kòtò, kí ìhà gígùn rẹ̀ kọjú sí òpó. Lẹ́yìn èyí ni a ó wọ́ iyanrìn bò ó, tí a ó máa fẹsẹ̀ kì í bí a ti ń wọ́ ọ. Kì í ṣe ìwọ̀n àpò nìkan ló ń di okùn mú. Okùn náà ní láti gbé gbogbo iyanrìn tó wà lórí àpò àti níwájú rẹ̀ kí ó tó lè yọ. Mẹ́jọ irú rẹ̀ la máa ń rì: ọ̀kọ̀ọ̀kan fún òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti méjì sí i fún igun méjèèjì tó kọ sí afẹ́fẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó bá lè gbẹ́lẹ̀ yóò parí rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ìgbà tí a bá ń kó lọ ni wàhálà rẹ̀, nítorí a ní láti tún gbogbo rẹ̀ hú.

Okùn náà ní tirẹ̀. Okùn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tà ní ìdì ní ọjà Òdò-Ògbè ní Ifẹ̀ dínwó, ṣùgbọ́n oòrùn ń jẹ ẹ́; ó di hóróhóró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já fọ́nrán-fọ́nrán lójú ibi tó ti kan irin. Okùn náílọ́ọ̀nù lágbára, àmọ́ ó ń nà, a kì í sì í dẹ́kun láti máa fún un. Okùn pọlíẹ́sítà ni mo gbà nímọ̀ràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ga. Èyíkéyìí tí a bá lò, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yí àtíbàbà náà ká láràárọ̀ kó fún okùn tó bá dẹ̀, pàápàá kí aago mẹ́sàn-án tó lù, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sábà máa ń le sí i bí òwúrọ̀ bá ti ń ga.

Ẹ̀dùn ọkàn mi nípa rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Ó wúwo: gbogbo páìpù náà pa pọ̀ ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ, ẹni tí kò ní ọkọ̀ kò lè bá a lọ síbì kankan. Kì í gba eruku dúró. Ẹni tó bá ta àwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wá láti òkè délẹ̀ kí eruku lè dín kù yóò kàn fi ẹrù kún òpó ni. Ìdajì ìsàlẹ̀ nìkan la máa ń ta, a sì ń tú u bí afẹ́fẹ́ bá ti le. Kò wúlò fún òjò rárá. Ó sì ń pariwo lóru, bẹ́líìtì a máa gbọ̀n lára irin, tó fi jẹ́ pé ẹni tí oorun rẹ̀ fúyẹ́ yóò fẹ́ sùn sí àgọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn díẹ̀.

Ní ti owó, n kò ní í dárúkọ iye, nítorí iye tí mo san fún páìpù kọ́ ni ẹni tó bá lọ sọ́jà lọ́sẹ̀ yìí yóò san. Páìpù àti iṣẹ́ ìjórin gbé ju ìdajì lọ nínú gbogbo ìnáwó náà, àwọ̀n àti okùn gbé èyí tó pọ̀ nínú ìyókù. Bẹ́líìtì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná wa ní nǹkan kan, àpò ìrẹsì sì jẹ́ èyí tó wà nílé. Gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ kò tó owó kánópì méjì tó ṣeé ká. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lọ sí ìhà Nguru ti ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fóun, mo sì ti bá alájórin sọ pé kí ó gé òpó tirẹ̀ sí méjì, kí ó ṣe àkọ̀ sí àárín rẹ̀ kí ó lè wọ búùtù ọkọ̀, kí ó fi gbogbo ihò bóòtù wọn ara wọn wò kí ó tó dáná sí i, kí ó sì fi fáìlì ha etí páìpù kọ̀ọ̀kan lójú wa kí a tó san àṣẹ́kù owó rẹ̀.