FABDEM fún igbó etíkun Ìlàjẹ: ó sàn ju SRTM lọ, àmọ́ ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ apá igbó tí òkun máa kọ́kọ́ bò láti Ayétòrò dé Awóyè, gíga ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni SRTM, dátà gíga ilẹ̀ tí wọ́n fi rédà kó jọ, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń lò l'Ákùrẹ́, ti ń ṣini lọ́nà. Rédà tí wọ́n fi wọn ayé ní February 2000 kì í ráàyè wọ inú igbó dídí dé ilẹ̀. Àárín ewé ló ti máa ń padà. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba á wá dà bí òkè, igbó tí ewu sún mọ́ jù lọ á sì hàn bí èyí tó fara balẹ̀. Èyí burú gan-an. Copernicus GLO-30, dátà gíga ilẹ̀ ti Yúróòpù, tuntun jù ú lọ, àmọ́ àìsàn kan náà ló ń ṣe é.

FABDEM ni GLO-30 tí Yunifásítì Bristol àti ilé-iṣẹ́ Fathom ti yọ gíga igi àti ilé kúrò lára rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fún ìwádìí. Ìwé àṣẹ rẹ̀ kò gba iṣẹ́ owó, nítorí náà ẹ má fi ṣe iṣẹ́ oníbàárà láìgba àṣẹ.

Fáìlì N00E000-N10E010 ni kí ẹ gbà sílẹ̀. Ó wúwo, bẹ́ẹ̀ ègé méjì, N05E004 àti N06E004, ló máa wúlò jù nínú rẹ̀. Nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ máàpù, ẹ fi Merge so wọ́n pọ̀, kí ẹ wá fi Warp gbé e lọ sí EPSG:32631 (ètò máàpù tó ń fi mítà wọn ilẹ̀), mítà 30, pẹ̀lú ọ̀nà ìṣirò Bilinear. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ ní dígírì, ìṣirò hẹ́kítà yín á wọ́. Lẹ́yìn Warp, píksẹ́lì kan (ègé tó kéré jù lára máàpù) jẹ́ hẹ́kítà 0.09.

Ẹ má kàn sọ pé gbogbo ibi tí kò tó mítà kan ni omi máa bò: ihò tí kò bá òkun pàdé náà á kún lórí máàpù. Ẹ lo r.lake, irinṣẹ́ inú ètò GRASS tó ń tan omi ká láti ibi kan, kí omi bẹ̀rẹ̀ láti ojú òkun. Àléébù ńlá wà níbí: odò tí èèyàn gbẹ́ tí kò fẹ̀ tó mítà 30 kì í sábà hàn nínú FABDEM, bẹ́ẹ̀ irú odò bẹ́ẹ̀ ni omi iyọ̀ gbà wọlé ní agbègbè Awóyè tó fi pa igbó omi dídùn. Ẹ fi ọwọ́ fà wọ́n láti ara àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 tí píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ mítà 10, kí ẹ sì fi Rasterize (tó ń sọ ìlà di píksẹ́lì) sọ gíga wọn di 0 kí ẹ tó ṣe r.lake.

Ní ti ìpéye, àṣìṣe nínú igbó dín kù láti mítà 5.15 ti GLO-30 sí 2.88 ti FABDEM ní ìpíndọ́gba. Ìtẹ̀síwájú ńlá ni, síbẹ̀ IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, sọ pé òkun lè ga ní mítà 0.28 sí 1.01 títí di 2100. Àṣìṣe ṣì ju omi lọ! Máàpù mítà 0.5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti mítà 1 kò ní ìtumọ̀ kankan. Ẹ ṣe é ní mítà 1, 2, 3 àti 4, kí ẹ wo apá tó ń rì ṣáájú àwọn yòókù. Ìyẹn ni FABDEM lè sọ fún yín.

Bákan náà, ọdún 2011 sí 2015 ni wọ́n ya dátà rẹ̀, òkun kò sì dúró ní Ayétòrò láti ìgbà náà. Ẹ mú Sentinel-2 ti December sí February, tí kùrukùru òjò kò pọ̀, kí ẹ tún etíkun fà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àdúgbò tó ti wà lábẹ́ omi máa wọ inú ìṣirò yín gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ gbígbẹ.