Tòmátì ẹ̀yìnkùlé: àmù àtijọ́, ike ọ̀dà tàbí àpò ìrẹsì?

Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ gbin tòmátì níbẹ̀, nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń rò ó sí: àmù amọ̀, ike ọ̀dà olítà 20, tàbí àpò ìrẹsì tó ti ṣófo.

Àmù lọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀. Amọ̀ tí wọ́n ti sun ní ihò wínníwínní tójú ò lè rí. Omi á máa gba ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn á gbé e lọ, ara ìkòkò á sì tutù. Ohun tó ń mú omi mímu tutù nínú àmù náà nìyẹn. Wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí ẹ̀ á gbóná. Gbòǹgbò tòmátì ò bá wọn sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, iyẹ̀pẹ̀ inú ike dúdú á gbóná janjan, ti inú àmù á ṣì tutù níwọ̀nba.

Ṣùgbọ́n omi yín náà ló ń sá lọ yẹn. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹni tó ń jáde nílé kílẹ̀ tó mọ́, tó ń wọlé lóru, kó má dán an wò. Bí omi bá ń tó lónìí tí kò tó lọ́la, ìdí èso á dúdú, á sì jẹrà. Àwọn kan á sáré lọ ra oògùn kòkòrò, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀: kálísíọ̀mù, èròjà kan tí èso nílò, ni ò rí omi bá dé inú èso.

Tuntun wà lọ́dọ̀ àwọn alámọ̀ àdúgbò Dàda ní Ìlọrin àti ní Ìpetumodù, àmọ́ àlòkù ni mo fara mọ́. Ẹ fi ìka kàn án. Tó bá dún gooro, ó dá ṣáká. Tó bá dún pòkì, ó ti sán níbì kan. Èyí tí wọ́n ti ń kó iyọ̀ sí, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó ẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kẹ́ ẹ tó lu ihò sí ìdí ẹ̀, kó má baà fọ́, kẹ́ ẹ sì gbé e ka òṣùká.

Ike ọ̀dà ò náni lówó púpọ̀, ó ń pa omi mọ́, ó sì ń pẹ́. Ẹ ra funfun, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ lu ihò márùn-ún sí i. Àpò ìrẹsì? Oòrùn á jẹ ẹ́ já.

Ó ku ajílẹ̀. Àpò NPK 15-15-15, ajílẹ̀ òyìnbó, oníkílò 50 ní kílò 7.5 náítírójìn, oúnjẹ ewé, nínú. Ó yá ṣiṣẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá bù ú jù, ewé á dúdú minimini, èso ò ní sí. Imí ẹlẹ́bọ́tọ kì í le jù, ṣùgbọ́n ó ń kó èso koríko wá. Eérú, ìwọ̀nba ni.

Ìgbẹ́ adìẹ ni tèmi. Tówó ò bá tó nǹkan méjèèjì, mo máa fi àmù sílẹ̀, máa lo ike, máa sì ra ìgbẹ́ adìẹ gidi. Tútù ẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ti ọwọ́ bọ àárín àpò: tó bá ṣì ń gbóná, tàbí tó ń ta yín nímú, kò tíì jinná.