Àpótí Irin fún Yíyan Ẹja Trout Nílé: Ohun Tí Mo Rí Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́ta

Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń fi àpótí irin kékeré kan yan ẹja trout, ẹja odò kan tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ òyìnbó, ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èérún igi ni à ń dà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó gbé àwo pẹrẹsẹ tí yóò gba ọ̀rá lé e, a ó tẹ́ ẹja sórí àwọ̀n irin tó wà lókè, a ó sì dé e. Agolo kékeré méjì tí a rọ spírítì sí ni ó ń jó lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń yan ẹja àrọ̀ lórí àgbá ní Nàìjíríà yóò mọ iṣẹ́ náà, àmọ́ ohun tí à ń wá níbí yàtọ̀: ti ẹja àrọ̀, a fẹ́ kí ó gbẹ kí ó lè pẹ́ nílẹ̀, nígbà tí ẹja trout inú àpótí yìí gbọ́dọ̀ rọ̀, kí omi ara rẹ̀ sì kù síbẹ̀.

Iyọ̀ ni kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ìwé ìlànà inú páálí náà ti kùnà jù. Gbogbo ohun tí ó wí ni pé kí a fi iyọ̀ pa ẹja lára. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, iyọ̀ pọ̀ ní etí ẹja tí ó fẹ́lẹ́ débi pé n kò lè jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àárín rẹ̀ tí ó nípọn tẹ́ lẹ́nu. Omi iyọ̀ ni mo wá ń lò báyìí: gíráàmù 80 iyọ̀ àti gíráàmù 40 ṣúgà nínú lítà omi tútù kan. Mo máa ń rẹ abala ẹja tó wọn nǹkan bíi gíráàmù 200 sínú rẹ̀ fún wákàtí kan nínú fìríìjì, iyọ̀ a sì wọ̀ ọ́ lára dọ́gba. Yàtọ̀ sí adùn, iyọ̀ yìí ń jẹ́ kí ẹja di omi ara rẹ̀ mú nígbà tí iná bá kàn án.

Gbígbẹ ló kàn, èyí tí ìwé náà kò tilẹ̀ mẹ́nu bà. A ó ṣan ẹja náà díẹ̀, a ó fi aṣọ mímọ́ nù ún, a ó sì tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n nínú fìríìjì láìbò ó fún wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ojú rẹ̀ yóò fi máa dán, tí yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀. Ojú tó gbẹ bẹ́ẹ̀ ni èéfín ń dì mọ́. Èyí tí mo gbé sínú àpótí tòun ti omi lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́ dà bí eérú lójú, ó sì ń ta ọ̀fun. Èyí tí mo gbẹ dáadáa jáde ní àwọ̀ oyin.

Àléébù ńlá àpótí yìí ni iná rẹ̀. Bí a bá rọ spírítì kún agolo méjèèjì bí wọ́n ṣe ní kí a ṣe, ooru a yára pọ̀ jù, nǹkan funfun bí ẹyin sísè a sì sun jáde lára ẹja, ẹran rẹ̀ a wá gbẹ kí èéfín tó wọ̀ ọ́. Agolo kan ṣoṣo ni mo ń tàn báyìí, spírítì rẹ̀ kì í sì ju ìdajì lọ. Wọn kò fi ohun tí à ń fi wọn ooru sí i, nítorí náà mo ra tẹmómítà lọ́tọ̀, mo sì máa ń ki ẹnu rẹ̀ bọ ibi tí ẹja ti nípọn jù títí yóò fi dé ìwọ̀n 63 Celsius. N kì í fi èyí ṣeré, torí ooru ni ó ń pa kòkòrò àrùn Listeria. Ẹja tí wọ́n fi èéfín tútù yan, tí iná kò sè, kì í dé ìwọ̀n ooru yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún aláboyún nípa rẹ̀. Kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe àpótí yìí fún.

Èérún igi óákù ni ó bá àpótí náà wá, ṣùgbọ́n èéfín igi ápù tutù lẹ́nu jù ú lọ fún ẹja yìí, síbí méjì sì ti tó. Ẹ má ṣe lo igi páìnì rárá, oje rẹ̀ a máa mú ẹja korò. Ìta gbangba sì ni kí ẹ ti lò ó.

Pọ́n-ùn 45 ni mo rà á, abala ẹja mẹ́rin péré ni ó sì ń gbà. Kò lè tó ilé tí èrò pọ̀ sí, ṣùgbọ́n fún tọkọtaya tí wọ́n ní sùúrù láti fi iyọ̀ àti gbígbẹ ṣáájú iná, owó náà kò gbé.